Àbúrò Ìyá Mi Tó Wà ní Líbíà

Mazara ní Ítálì, 4 Oṣù Karùn-ún, 1994

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi,

Ẹ kọ́kọ́ jókòó kí Bàbá Ferjani tó ka èyí fún yín. Ṣé ẹ ti jókòó? Bàbá Ferjani, ṣé wọ́n ti jókòó? Ó dáa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún yín ńkọ́? Àwọn ìbejì kí yín. Mongi ọkọ mi náà kí yín, ó ti wà lójú òkun láti ọjọ́ Ajé.

Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé mi!

Ìtàn tí mo ti ń kọ láti ọdún méjì, èyí tí ẹ ní kí n pa tì kí n lọ sùn, ilé ìtẹ̀wé kan ní Túnísì olú-ìlú wa ní àwọn fẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Mo ti fi orí méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wọn, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà wọn, iyọ̀ àti ẹja sàdínì kún ọwọ́ mi. Mo kígbe débi pé ọ̀gá wa rò pé ọ̀bẹ ló gé mi. Mo fò mọ́ obìnrin ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa méjèèjì wó lulẹ̀ sáàárín àpótí ẹja. Ìwé àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kì í ṣe ti ehoro àti kìnnìún o. Ọmọ gidi ló wà níbẹ̀, tí ìṣòro gidi ń bá fínra.

Wọ́n ní kó dé ọwọ́ àwọn kó tó di ogúnjọ́ Oṣù Keje. Mo ti dà á kọ dáadáa, ojú ìwé méjìdínláàádọ́rin. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé yìí. Àwọn ìbejì ti fi èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ṣe ọkọ̀ ojú omi nínú agbada ìwẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn, mo ti bá yín bínú sí wọn tán. Ẹ̀rù ilé ìfìwéránṣẹ́ ń bà mí, nítorí náà Hamadi ọmọ àdúgbò wa, tó ń bọ̀ wálé fún Iléyá, ni mo gbé ìdì náà fún. Lotfi ẹ̀gbọ́n mi á wá gbà á lọ́wọ́ yín ní ìdajì Oṣù Keje, á sì gbé e lọ sí Túnísì.

Mo kọ "Ìwé ilé-ìwé àtijọ́" sí ẹ̀yìn ìdì náà, kí àwọn aṣọ́bodè má baà tú u. Ẹ̀yin náà, ẹ má tú u o. Bàbá Ferjani, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí! Mo mọ̀ yín mọ báírò pupa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkọ, títí dòní ẹ ṣì ń fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe inú lẹ́tà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo èyí.

Ẹ gbàdúrà fún mi, kíákíá, kí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé náà tó yí ọkàn padà.

Raudha yín


Mahdia ní Túnísíà, 26 Oṣù Karùn-ún, 1994

Raudha ọmọ mi,

Mo jókòó. Mo tún dìde. Mo ké igbe ayọ̀ ní àgbàlá títí Salouha tó múlé tì wá fi yọrí lókè ògiri pé ta ló ń gbéyàwó. Mo ní Raudha ti di òǹkọ̀wé. Ó ní ìwé kí ni? Mo ní ìwé ọmọdé. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, ìyẹn náà kò burú." Kò burú! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí i.

(Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi bínú. Lẹ́yìn náà wọ́n jọ mu tíì. — F., tó ń bá a kọ ọ́.)

Ìdì rẹ dé láyọ̀. Mo gbé e sínú àpótí aṣọ, mo fi ìborí ìgbéyàwó mi bò ó. Ìwọ náà mọ̀ pé n ò mọ̀wé kà, nítorí náà ti èmi kò lè bà ọ́ lẹ́rù. Àbúrò mi ni kí o máa ṣọ́. Ó ń wo àpótí náà bí ológbò tó gbọ́ òórùn ẹja.

(Irọ́ ni.)

Iléyá lọ dáadáa. Àgbò wa ti jẹ aṣọ ìnura méjì lórí okùn Salouha kí a tó pa á, a sì ní láti fi itan kan bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ Líbíà yìí ló fẹ́ pa mí. Ọdún kọkànlá rèé tí orí Ferjani dàrú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tí kò lè dáwọ́ dúró, tí ó wọ yàrá ẹ̀yìn tí kò sì jáde sí gbangba mọ́. Ọdún kọkànlá sì rèé tí mo ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó ń ṣiṣẹ́ ní Líbíà. O rò pé irọ́ pípa rọrùn? Ọdún yìí Salouha ní kí n bá òun sọ fún un kó fi kúbùsù Líbíà ránṣẹ́, èyí tó ní àwòrán ẹkùn. Kí ni kí n ṣe? Mo lọ sí ọjà àwọn ará Líbíà tó wà lẹ́yìn ìlú níbí, mo ra kúbùsù, mo fi okùn dì í, mo wá bu iyanrìn díẹ̀ sí i kó lè dà bí ẹrù tó la aṣálẹ̀ kọjá. Salouha gbá a mọ́ àyà, ó ní, "Ferjani ọmọ dáadáa! Kò gbàgbé wa." Ferjani ọmọ dáadáa wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí wa, ó ki ẹnu bọ inú ìrọ̀rí, ó ń rẹ́rìn-ín.

(Iyanrìn yẹn ti ń pọ̀ jù. Mo ti sọ fún un.)

Kí ni ìtàn rẹ dá lé lórí gan-an? O kò sọ. Má kọ ohun tó máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ o. Nígbà tiwa, ọmọbìnrin kan gbọ́n, iwin kan gọ̀, ọmọbìnrin náà fẹ́ ọmọ ọba, ó parí, a sùn. Ìtàn tí kò bá jẹ́ kí ọmọdé sùn, kí ni ìwúlò rẹ̀?

Fi ẹnu kò àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Ìyá rẹ, Mannubia


Mazara, 5 Oṣù Kẹfà, 1994

Màmá mi,

Ẹ kú ìnáwó kúbùsù, ẹ sì kú iṣẹ́ iyanrìn. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín débi pé bàbá àgbà kan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀yin àti ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé yẹn, ṣé ẹ ti pàdé rí ni? Lẹ́tà rẹ̀ kejì dé. Ó ní ìtàn náà dùn, ó ní òun rẹ́rìn-ín, ó ní èdè mi dára. Ó wá kọ "ṣùgbọ́n." Màmá, lẹ́yìn "ṣùgbọ́n" yẹn, ojú ìwé méjì gbáko! Ó ní nínú kíláàsì kan ṣoṣo, mo fi ọmọ adití kan síbẹ̀, mo fi ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Gabès ní gúúsù tí àwọn yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo tún wá fi ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá pamọ́ sínú ilé ọmọ kẹta, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Ó ní ṣé ilé-ìwé ni mò ń kọ nípa rẹ̀ ni àbí ọsibítù? Ó ní kí n fi àwọn méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, òun á gbójú fò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n yọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá náà, kí n fi àgbọ̀nrín sí ipò rẹ̀.

Àgbọ̀nrín! Kí ọmọbìnrin náà máa tọ́jú àgbọ̀nrín nínú yàrá!

Mo gbìyànjú, n kò purọ́ fún yín. Mo jókòó lọ́jọ́ Àìkú, mo kọ àgbọ̀nrín náà sínú ojú ìwé mẹ́ta. Ó jẹ kọ́tìnnì. Ó jẹ ìwé àṣetiléwá. Ó dúró, ó ń wò mí. Kò ní nǹkan kan láti sọ fún ọmọ yẹn.

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń kọ ọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo ka gbogbo ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé wa, mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n. N kò rí ọmọ kan ṣoṣo nínú wọn tó ń parọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ohun tó wà nílé. Mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, Màmá, n kò sì sọ fún yín rí.

Bí n kò bá fi àgbọ̀nrín sí i, wọ́n lè má tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fi sí i, kí ni mo wá kọ? Kí ni kí n ṣe? Ẹ sáà tọ́jú ìdì náà fún mi, ohun yòówù kí n pinnu.

Raudha yín


Mahdia, 19 Oṣù Kẹfà, 1994

Raudha ọmọ mi,

Fi àgbọ̀nrín sí i! Kí ló kù tí o ń rò? Àgbọ̀nrín mọ́ tónítóní, kò ní ìdílé tí ojú lè tì. Èmi fúnra mi á fẹ́ gbọ́ ti àgbọ̀nrín.

Wọ́n ti ti ilé-ìwé, a sì ti kun ilé. Salouha àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá ràn mí lọ́wọ́. A kó gbogbo ẹrù síta sí àgbàlá, a fi ẹfun kun ògiri láti òkè délẹ̀, ó ń tàn yòò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá ilé mi mọ̀. A pa ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa, a sì kó o fún Bàbá Shedli tó ń ta hóró elégédé yíyan, bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, kó lè rí bébà ká bí àrọ, kó máa bu hóró sí i fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìdì tìrẹ ti padà sínú àpótí, abẹ́ ìborí mi ló wà, fọkàn balẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan ń ṣe àwọn ọmọ àdúgbò yìí o. Bàbá Shedli ní láti ogójì ọdún tí òun ti ń ta hóró, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n á rà á, wọ́n á da hóró sápò, wọ́n á tú bébà, wọ́n á sì dúró sójú oòrùn máa kà á! Lẹ́yìn náà ariwo á sọ: "Ta ló ní mẹ́tàlá? Mo ní ogún, mò ń wá mẹ́tàlá!" "Mẹ́tàlá wà lọ́wọ́ Murad, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá àti hóró ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń gbà!" Lánàá ọmọkùnrin méjì jà níwájú mọ́sáláṣí. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó fà á, ọ̀kan ní èkejì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú ìwé ọgbọ̀n fún òun kí òun tó kà á. Ibtisam ọmọ ọmọ Salouha, ọmọ ọdún méjìlá péré, ti jẹ hóró títí ètè rẹ̀ fi bó. Mo ní ṣé ebi ń pa ọ́ ni? Ó ní, "Màmá Mannubia, kì í ṣe hóró ni mò ń rà."

Ayé ti yí. Mo ra díẹ̀ fún Ferjani náà, ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá rẹ, Mannubia

(Raudha, n kò ní ka èyí fún un. Ojú ìwé kọkàndínlógún ni wọ́n fi di hóró tèmi. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyá rẹ ṣì gbàgbọ́ pé ìdì rẹ wà nínú àpótí. Mo ti ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin. N kò tíì mọ ohun tí màá sọ. — F.)


Mazara, 27 Oṣù Kẹfà, 1994

Bàbá Ferjani mi,

Yéè! Mo gbé! Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé ni wọ́n fi ń di hóró elégédé! Mo ka ìlà yín tó gbẹ̀yìn, mo nà gbalaja sílẹ̀, Mongi bu omi lù mí, àwọn ìbejì rò pé eré ni, wọ́n tún bù sí i. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, n ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ọmọ méjì jà nítorí ojú ìwé ọgbọ̀n! Òǹkọ̀wé wo ni wọ́n ti jà nítorí ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Lẹ́yìn náà mo rántí pé ẹ̀yin ti ka ojú ìwé kọkàndínlógún, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ̀yin ni ẹni tí ara rẹ̀ kò yá inú ìtàn náà. Ẹ̀yin ni mo kọ. Orúkọ ìtàn náà ni "Àbúrò Ìyá Mi Wà ní Líbíà." Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ tú u, kì í ṣe nítorí báírò kankan. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní rárá.

Bí inú bá bí yín, ẹ bú mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé náà sílẹ̀ pátápátá, ẹ sọ, màá fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi á bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè fi orí jì mí, ẹ bá mi kó o jọ kí ìdajì oṣù tó pé. Àwọn ọmọ náà ló ni ín báyìí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ẹ wá ka ìyókù sókè fún Màmá, gbogbo rẹ̀, ẹ má fo nǹkan kan.

Màmá, ẹ foríjì mí. Irọ́ Líbíà wà nínú ìwé náà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìyá náà ni ó ti àbúrò rẹ̀ mọ́ inú yàrá nítorí ìtìjú, pé ó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ àyà. Bí mo ti rí i nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìdì tó wà nínú àpótí yín kì í ṣe tèmi. Ẹ lọ wò ó.

Ọmọ yín tí kò mọ ibi tí ó máa fi ojú sí,
Raudha


Mahdia, 8 Oṣù Keje, 1994

Raudha,

N kò kí ọ. Ferjani ní kí n kọ́kọ́ kí ọ. N kò ní kí ọ!

(Ó kí ọ. — F.)

Mo lọ sídìí àpótí. Mo ká ìborí ìgbéyàwó mi. Ìwé ìṣirò Ibtisam ni mo bá lábẹ́ rẹ̀! Ọjọ́ tí a kun ilé, Salouha rí ìdì tìrẹ ní àgbàlá, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, "Ìwé ilé-ìwé àtijọ́," ó bá gbé e fún Bàbá Shedli. Èmi gbé èyí tó kù padà sínú àpótí. Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? Salouha ni? Èmi tí n kò mọ̀wé ni?

Kọ́kọ́rọ́ wo ló wà láyà mi? Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo tì í mọ́lé bí adìyẹ? Kí o tó kọ ohun tó wà láyà èèyàn, ṣé kò yẹ kí o béèrè ni? Mo fi ọjọ́ méjì sunkún. N kò sè, n kò jẹ, n kò bá Ferjani sọ̀rọ̀ kí ó má baà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọmọ dé. Wọ́n tó ogójì! Ibtisam ló ṣáájú, ó mú àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Màmá Mannubia. A ti rí ojú ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ku méje. Ṣé ó wà lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní ojú ìwé kí ni?

"Ti ìtàn ẹni tó wà ní Líbíà."

Mo ní, "Kò sí ìtàn kankan! Àbúrò mi wà ní Líbíà lóòótọ́!"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá inú ìtàn wí."

Raudha, mo gbé ìgbálẹ̀. Mo ní bí mo bá ń gbálẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè kí n lè gbálẹ̀ dáadáa! Wọ́n jókòó sí àgbàlá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé kìíní, ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dìde ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpá ọ̀rá hóró wà lára gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń gbọ́. Ibi tí ọmọ adití náà ti kọ́ kíláàsì láti máa fi àmì ọwọ́ bú olùkọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo fi ìborí bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti parọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Murad dìde, ọmọ yẹn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, "Màmá tèmi náà máa ń 'lọ sí Sfax.' Kì í ṣe Sfax. Orí ibùsùn ló wà, kò lè dìde." Ọmọ kan tún ní bàbá òun tí wọ́n ní ó wà ní Fáransé, ẹ̀wọ̀n ló wà. Kò sí ẹni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ibtisam ní, "Ó dáa, ẹ máa kà lọ." Wọ́n sì ń kà lọ! Èmi ni mo ń sunkún nídìí ìkòkò.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ferjani jáde. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ojú ìwé kọkàndínlógún lọ́wọ́. N kò mọ ohun tó mú un jáde. Mo bi í, ó ní ìwọ ni òun máa sọ ọ́ fún. Mo dì mọ́ ògiri, ẹfun tuntun yẹn sì bò mí lára. Kí n tó lanu, orí Salouha ti yọ lókè ògiri. Ó ní, "Ferjani! Káàbọ̀ láti Líbíà!"

Mo ní, "Salouha, o mọ̀?"

Ó ní, "Mannubia, kúbùsù ẹlẹ́kùn mẹ́ta ni mo ní, àmì ọjà ẹ̀yìn ìlú wa ló wà lára gbogbo wọn. Láti ọdún kejì ni èmi àti gbogbo àdúgbò ti mọ̀. O kò fẹ́ kí n mọ̀, ni mo bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo ní kí n máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí o lè máa rí i sọ pé ó ń ṣe dáadáa. Iyanrìn yẹn nìkan ni kò yé mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá, Raudha! Gbogbo àdúgbò ló ń bá mi ru irọ́ yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni.

Sọ fún ọ̀gá Túnísì kó da àgbọ̀nrín rẹ̀ padà sínú igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi. Yọ ọ́ kúrò.

Mo kí ọ. Díẹ̀.

Ìyá rẹ, Mannubia


Mahdia, 24 Oṣù Keje, 1994

Raudha ọmọ mi,

Èmi ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí, ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ Salouha. Ara mi le níwọ̀n. Kì í ṣe lójoojúmọ́ ni mo ń jáde, àná n kò lè jáde rárá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìtàn wo mí sàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá títí ọ̀sán fi pọ́n, àwọn ènìyàn ń kí mi káàbọ̀ láti Líbíà, mo sì ń dáhùn pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò rọrùn.

O béèrè bóyá inú bí mi. Ó bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. O wọ inú ayé mi láìkan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí Murad sọ̀rọ̀ ní àgbàlá. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ kan kò sọ irú rẹ̀ rí ní kíláàsì mi, nítorí n kò ka ohun kan fún wọn tó lè fà á jáde. Àgbọ̀nrín ni mo ń kà fún wọn.

A rí ojú ìwé mẹ́rìndínláàádọ́rin. Méjì tó gbẹ̀yìn ni kò sí, Bàbá Shedli fi wọ́n ta hóró ní pápá bọ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ ti gbé wọn lọ sókun. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ lọ́tun, Lotfi sì gbé e lọ kí ọjọ́ tó pé. Ó ní ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìdúró, nígbà tó yá ó wá àga. Yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè bóyá àgbọ̀nrín kan kò kàn lè sáré kọjá níbì kan. Lotfi ní rárá.

Mo yí nǹkan kan padà láìgbàṣẹ, ìwọ náà kò sáà gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Kò sí kọ́kọ́rọ́, Raudha. Ìyá rẹ fẹ́ sọ òtítọ́ fún àdúgbò láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé mo wà ní Líbíà, mo ní bí ó bá sọ òtítọ́ màá kú. Obìnrin tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀ di òpùrọ́ fún ọdún mọ́kànlá nítorí mi. Bí ó ti ń bu iyanrìn sí kúbùsù, mò ń fi í rẹ́rìn-ín. Àti ìdábùú ilẹ̀kùn yàrá mi, inú ló wà. Èmi ni mo ń tì í.

Àwọn ọmọ bi mí bí ìtàn náà ṣe parí, nítorí ojú ìwé méjì tó sọnù. Mo sọ èyí fún wọn dípò rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe, pé ó wúwo jù fún wọn. Ibtisam wá ní, "Ta ló wá ṣí i?"

Mo ní èmi náà ni.

Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní nítorí pé ẹ̀yin ẹlẹ́nu hóró wọ̀nyí ń ka ìwé ní ìkà-kú-kà, ẹ ń fo gbogbo àmì ìdánudúró, kò sì sí olùkọ́ tó lè jókòó sínú yàrá kó máa gbọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Murad rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ lórí òkúta tó jókòó lé. Ibtisam kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bébà àti báírò síwájú mi, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo ti kọ ọ́, òun sì ni ìparí tó wà nínú ìwé tí Lotfi gbé lọ. Bí o bá fẹ́ ìparí mìíràn, kó àwọn ìbejì wá sílé, kí o wá bá ogójì ọmọ jà.

Ferjani